Ẹ bá mi bi ẹni tó ní ká máa fi fíríì sọ̀ kalẹ̀ òkè

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Lẹ́tà kan tí ẹ tẹ̀ jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá ló mú mi gbé bíírò. Ẹni tó kọ ọ́ ń kọ́ àwa awakọ̀ bí a ṣe lè ṣọ́ epo lò: ká yéé kó ẹrù tí a ò lò kiri nínú búùtù, ká rí i pé afẹ́fẹ́ pé nínú táyà. Kò sí ìjà níbẹ̀. Àmọ́ ó fi kún un pé tí a bá ti dé orí òkè, ká yọ jíà sí fíríì, kí ọkọ̀ máa yí lọ fúnra rẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀. Olóòtú, ibẹ̀ ni mo ti ní rárá o. Ó ku díẹ̀ kí fíríì yìí pa mí, èmi àti ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, pẹ̀lú ọgọ́rùn-ún iṣu.

Iṣu ni mò ń tà. Ìhà Òsí àti Ẹkàn ni mo ti ń kó o, Ìlọrin ni mo ń gbé e lọ, nínú Golf onímánúà kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ Ìgbómìnà títí dé Èkìtì ti Kwara mọ̀ pé ọ̀nà wa kì í ṣe ọ̀nà pẹrẹsẹ. Bí ẹ bá gun òkè kan tán, ẹ ó sọ̀ ni. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí lítà kan tí kò tó ₦200 fò kọjá ₦500 lójijì, èmi náà di ọ̀gá nínú fíríì. Mo tiẹ̀ ń fi kọ́ àwọn ẹlòmíì.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ẹrù kún dé etí fèrèsé ẹ̀yìn. Ìdágẹ̀rẹ́ kan gùn lójú ọ̀nà wa, ó sì tún wọ́. Mo yọ jíà sí fíríì bí ìṣe mi, mo gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì, mo ń tẹ̀ ẹ́, mo ń dẹ̀ ẹ́. Nígbà tí a dé bí ìdajì, mo gbọ́ òórùn bíi ti irin tó ń jóná. Mo tún tẹ bíréèkì, ó rọ̀ jọ̀jọ̀ bí ẹni tẹ fùfú. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó lọ kan ilẹ̀ pátápátá. Ọkọ̀ ò dá mi lóhùn.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi figbe ta: “Ìyàwó, pa á! Pa ọkọ̀!”

Mo ní, “Mi ò ní pa á, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ fèrè.”

Ẹ jẹ́ kí n dúró síbí díẹ̀, nítorí ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa kọ́kọ́ ṣe nìyẹn. Tí ẹ bá pa ẹ́ńjìnnì lórí eré, sítíárì á le bí òkúta, ẹ ò sì ní rí i yí bó ṣe yẹ. Tí ọwọ́ yín bá tún lọ yí kọ́kọ́rọ́ kọjá ààyè rẹ̀, sítíárì lè há pátápátá. Ẹ wá di èrò ọkọ̀ nínú ọkọ̀ ara yín.

Mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì, mo fipá ti jíà wọ 3. Ó ké gbàgà. Ẹ́ńjìnnì bú ramúramù, ọkọ̀ sì fà sẹ́yìn, bí ìgbà tí ẹnì kan gbá wa láṣọ mú látẹ̀yìn. Mo jẹ́ kí eré rọlẹ̀ díẹ̀ kí n tó já a sí 2. Mi ò sáré fi í sí 1 o. Tí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀ lórí eré yẹn, táyà iwájú lè há, ká máa yọ̀ lọ bí ẹni gun ọṣẹ. Ẹsẹ̀ mi ò yéé pọ́ǹpù bíréèkì ní kíákíá, nítorí nígbà mìíràn ó máa ń kó agbára díẹ̀ jọ. Ọwọ́ ọ̀tún mi wá lọ sórí bíréèkì ọwọ́. Mo fi àtàńpàkò tẹ bọ́tìnnì orí rẹ̀ mọ́lẹ̀, mi ò jù ú sílẹ̀. Mo ń fà á díẹ̀, mo ń dá a padà díẹ̀. Ẹni tó bá fà á gbàù, táyà ẹ̀yìn ló máa há, ìdí ọkọ̀ yóò sì yí wá síwájú.

Ẹnì kan ti da iyanrìn ilé kíkọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà nísàlẹ̀. Mo darí imú ọkọ̀ sí i. Ó wọ̀ ọ́ ṣọ̀ọ̀, ó dúró. Iṣu mẹ́rin wá bá wa níwájú. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ò tíì gbọ́wọ́ kúrò lórí fèrè, kódà nígbà tí mo ti sọ̀ kalẹ̀.

Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni pé nígbà tí mẹkáníìkì fi máa gun ọ̀kadà dé, bí wákàtí kan lẹ́yìn náà, bíréèkì ti padà! Ó le koko lábẹ́ ẹsẹ̀. Àwọn tó pé lé wa lórí ti ń sọ pé iṣẹ́ aráyé ni. Ọmọkùnrin náà kàn ṣí ike òróró bíréèkì, ó ní kí n wò ó. Ó dúdú bí àgbo. Ó bi mí pé ìgbà wo ni mo pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn. Pààrọ̀ kẹ̀? Bíbù kún un nìkan ni mo mọ̀. Ẹni tó ń bá mi tún ọkọ̀ ṣe tẹ́lẹ̀ tiẹ̀ ti bu omi lásán sí i nígbà kan. Ojú mi ló ṣe é, mo sì dákẹ́.

Òróró bíréèkì máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, ẹ bomi sí i ni o, ẹ ò bomi sí i ni. DOT 3, irú òróró bíréèkì kan tó wọ́pọ̀, tó bá jẹ́ tuntun, kò ní hó títí ooru yóò fi tó 205°C. Tó bá ti mu omi, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í hó ní nǹkan bí 140°C. Nítorí mo wà ní fíríì, bíréèkì nìkan ló ń di gbogbo ẹrù iṣu yẹn mú láti òkè. Ó gbóná, òróró hó, omi inú rẹ̀ di afẹ́fẹ́ gbígbóná nínú páìpù, afẹ́fẹ́ yẹn ni ẹsẹ̀ mi ń tẹ̀. Nígbà tó tutù, ó padà di omi, bíréèkì sì jí. Àṣé ọdún méjì méjì ló yẹ kéèyàn máa dà á nù kó rọ tuntun.

Èyí tó dùn mí jù ni ti epo tí mo rò pé mò ń ṣọ́. Àwọn ọkọ̀ àtijọ́ tó ń lo kábúrétọ̀ lè jèrè díẹ̀ nínú fíríì. Àmọ́ ọkọ̀ onínọ́súlù bíi tèmi, èyí tí kọ̀ǹpútà ń darí bó ṣe ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, tí ẹ bá wà nínú jíà tí ẹ ò tẹ iná, kọ̀ǹpútà rẹ̀ á sé epo pa, torí táyà ló ń yí ẹ́ńjìnnì. Inú fíríì gan-an ló ti nílò epo kó má baà kú. Gbogbo ọdún tí mo fi ń ṣe ọ̀gá yẹn, mo ń da epo nù ni.

Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọ̀tò, èyí tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì, náà ní jíà tirẹ̀ tí bíréèkì bá já a kulẹ̀: kó yéé tẹ iná, kó fà á kúrò lórí D wá sí 3, lẹ́yìn náà 2, lẹ́yìn náà L, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kó má dé R tàbí P. Tí bíréèkì ọwọ́ bá jẹ́ bọ́tìnnì, kó fà á kó sì dì í mú. Àwọn ọlọ́kọ̀ Ìlọrin náà, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ará oko ni mò ń sọ. Bí títì ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí odò Asà, kẹ̀kẹ́ Maruwa àti ọ̀kadà ló kún iwájú yín níbẹ̀, kò sí òkìtì iyanrìn.

Olóòtú, mo bẹ̀ yín, ẹ tẹ èyí jáde ní ibi tí ẹ tẹ tẹni àkọ́kọ́ sí. Jíà tí ẹ ó fi gun òkè náà ni kí ẹ fi sọ̀.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ṣì ń bá mi rìn. Bí a bá ti ń dé orí òkè, ojú wọn á ti wà lórí ọwọ́ mi.

“Ìyàwó, mélòó la wà?”

“Mẹ́ta, mà.”

Èmi ni tiyín,
Alájàpá iṣu,
Òmù-Àrán, Ìpínlẹ̀ Kwara.