Ìkéde Lórí Ìrìn Àjò Wa: Eré Sísá àti Kíkọjá Ọkọ̀ Tó Wà Níwájú

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ọ̀wọ́n, a kí yín. Ní aago méje àárọ̀ Sátidé tó ń bọ̀, a ó pàdé níwájú gbọ̀ngàn ìpàdé wa kí a tó gbéra. Kí gbogbo awakọ̀ mú ìwé àṣẹ ìwakọ̀ wọn dání.

Ọ̀rọ̀ eré sísá ló ká ìgbìmọ̀ lára jù. Ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan ń rin nǹkan bíi mítà 28 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, bí eré bá sì di ìlọ́po méjì, ọ̀nà tí bíréèkì nílò kí ọkọ̀ tó dúró yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọjá iye eré tí pátákó ojú ọ̀nà kọ, kódà bí àwọn yòókù bá ti fi í sílẹ̀.

Bí awakọ̀ tó wà níwájú bá ń rọra lọ, ẹ má ṣe sún mọ́ ìdí ọkọ̀ rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ó rí ohun tí ẹ̀yin kò rí. Ẹ má ṣe kọjá lára rẹ̀ ní kọ́nà tàbí níbi tí òkè ti dí ọ̀kánkán.

Ẹ jọ̀wọ́, kí olúkúlùkù awakọ̀ fèsì sí mi kí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ tó ṣú pé òun ti kà á, òun sì fara mọ́ ọn.

Akọ̀wé ẹgbẹ́