Àbẹ̀kẹ́, béèrè ohun tí wọ́n fi rẹ agbo yẹn

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ. Láti ọjọ́ tí o ti sọ fún mi pé oyún ti pé oṣù méjì ni mo ti ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìgò agbo tí ìyá ọkọ rẹ fi ránṣẹ́ kò jẹ́ kí n sùn. O ní ó ń ta ọ́ lọ́fun. Ògógóró ni wọ́n fi rẹ ẹ́ nìyẹn.

Àsìkò tí o wà yìí gan-an ni egungun ọmọ ń bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ó kọ́kọ́ máa ń rọ̀ bí etí wa ṣe rọ̀ ni, kí kálísíọ́mù, èròjà tó ń mú egungun le, tó máa wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọtí tí o bá mu ń gba ibi ọmọ kọjá sí i lára, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò sì tíì gbó tó láti lè é jáde. Wọ́n ti fún àwọn eku olóyún lọ́tí wò: egungun ọmọ inú wọn pẹ́ kó tó le, òmíràn sì kúrú. Ti èèyàn náà wà. Ní 1973, àwọn dókítà ní Seattle, ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa ọmọ 8 tí ìyá wọn ń mutí gan-an nínú oyún: orí wọn kéré, wọn kò dàgbà tó, oríkèé àwọn kan kò rí bó ṣe yẹ.

Bíà ńkọ́? Ẹmu ńkọ́? Ọtí ni gbogbo wọn. Kò sí ìwọ̀n tí àwọn oníṣègùn lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò ní pa ọmọ lára. Nígbà oyún ẹ̀gbọ́n rẹ, wọ́n ní kí n máa mu sítáòtù, pé ó ń fún ni lẹ́jẹ̀. Mo mu ún. Ọlọ́run ló yọ wá, kì í ṣe ọgbọ́n mi.

Má bá ìyá ọkọ rẹ jiyàn o. Gbé ìgò náà lọ han nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ àyẹ̀wò, kí o wá kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí o sọ ohun tí nọ́ọ̀sì wí. Èyí tí o ti mu, má fi da ara rẹ láàmú. Sọ fún nọ́ọ̀sì, kí o má sì tún fẹnu kàn án mọ́.

Mo fi edé àti ṣáwá gbígbẹ ránṣẹ́. Jẹ ṣáwá náà tòun tegungun.

Ìyá rẹ ni.