Ìyá Ìbejì, àwọn òyìnbó náà ń jẹ ṣàkì o

Ìyá Ìbejì mi àtàtà,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà ni, ṣé ara le, àwọn ìbejì ńkọ́, bàbá wọn ńkọ́? Mo gbọ́ fọ́ìsì nóòtì ẹ lórí ọ̀rọ̀ owó gáàsì, ó sì ti yẹ kí n ti fèsì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi yìí ò ṣeé fi fóònù sọ, ó gba kí n jókòó kí n tẹ̀ ẹ́ dáadáa, torí ìwọ lo máa ń sọ pé oúnjẹ Faransé, abọ́ ńlá, oúnjẹ bíńtín, ewé kan lórí ẹ̀, kí wọ́n wá gba gbogbo owó ọwọ́ ẹni. Irọ́ ni o! Ó kéré tán, ní ìlú Lyon níbẹ̀, irọ́ ni.

Ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ ọmọ Kétu yẹn (Kétu ti Benin o, kì í ṣe ti Èkó) ni mo lọ kí. Láti London mo gba Paris, láti Paris ọkọ̀ ojú irin ò gbà ju wákàtí méjì lọ kó tó gbé mi dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ọmọ yẹn gbọ́ Faransé dé góńgó, Yorùbá ẹ̀ sì tún jinlẹ̀ ju tèmi tìẹ lọ, ìgbà míì mo máa ní kó tún un sọ kí n tó gbọ́. Ó ní èmi ò ní kúrò ní Lyon láì dé bouchon, bí wọ́n ṣe ń pe àwọn ilé oúnjẹ kéékèèké ìlú yẹn nìyẹn. Ó ní kí n má wulẹ̀ yà sí gbogbo èyí tí mo bá rí, torí ayédèrú pọ̀ ní àdúgbò àtijọ́ tí àwọn àlejò máa ń rìn gbéregbère sí, àti pé láti 2012 ni wọ́n ti ń fún àwọn ojúlówó ní àmì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà. A wá àmì yẹn, a rí i, a wọlé.

Ohun tó kọ́kọ́ wù mí níbẹ̀, ìkíni ni. Ará Kétu ti kìlọ̀ fún mi látìta pé tí mo bá fi lè wọlé láì sọ "bonjour", kí n má retí kí ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín sí mi títí tí a fi máa jáde. Mo ní ṣé nítorí ìyẹn ni wọ́n ṣe ń sọ pé àwọn Faransé ò lọ́yàyà, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn tí ò kíni ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá tó nilé oúnjẹ yẹn, àgbàlagbà tó wọ épúrọ́ọ̀nù, mo kí i, ó ní "bonjour madame" ó tún fi ẹ̀rín sí i, ó fà wá lọ sí ìdí tábìlì kan tó fún mọ́ ti àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa débi pé ìgbọ̀nwọ́ mi àti ti bàbá arúgbó kan fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bára wọn jà. Aṣọ tábìlì pupa àti funfun, ìkòkò bàbà lára ògiri, gbogbo èèyàn ń sọ̀rọ̀ sókè. Bùkà gidi ni, bíi tìẹ, àfi pé wáìnì ló wà níbi tí ìwọ máa ń gbé kúlà mínírà sí.

Búrẹ́dì, ọ̀fẹ́. Omi ẹ̀rọ nínú jọ́ọ̀gì, ọ̀fẹ́. Tó bá tán, wọ́n á tún gbé òmíràn wá, owó iṣẹ́ àwọn tó ń gbé oúnjẹ sì ti wà nínú iye tí wọ́n kọ síta, kò sẹ́ni tó máa wá dúró sí ẹ lórí kó máa wo ọwọ́ ẹ.

Wọ́n kọ́kọ́ gbé sàláàdì wá, ewé tó korò díẹ̀ tí wọ́n da ẹyin sí lórí, ó dára, ká má fìyẹn ṣòfò àkókò. Àwọn tó jókòó lápá ọ̀tún ń jẹ quenelle, ẹja odò tí wọ́n gún kúnná, tí wọ́n fi ẹyin, bọ́tà àti fúláwà pò, tí wọ́n wá yan pẹ̀lú ọbẹ̀ edé títí tó fi wú gègèrè, òórùn ẹ̀ sì ń pè mí. Ará Kétu ní kí n gbójú kúrò níbẹ̀, ó ti mọ ohun tó fẹ́ fi hàn mí. Òun fúnra ẹ̀ béèrè andouillette, ìfun ni o, ìfun tí wọ́n kó sínú ìfun, tí wọ́n dín! Tí wọ́n bá gbé e kọjá, wàá mọ̀. Ó jẹ ẹ́ tán, ó fi búrẹ́dì nu àwo.

Tèmi wá dé. Tablier de sapeur lorúkọ ẹ̀. Mo wo nǹkan yìí, ó tẹ́ pẹlẹbẹ, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọkùnrin, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, mo rò pé adìyẹ ni. Mo wá fi ọ̀bẹ gé e, mo rí ojú onihò-onihò yẹn tí èmi àtìwọ mọ̀ dáadáa, mo pariwo "ṣàkì!" bàbá arúgbó ẹ̀gbẹ́ mi sì yíjú. Ìyá Ìbejì, ṣàkì màlúù ni! Òkè ẹ̀ ń dún wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀ lẹ́nu, inú ẹ̀ rọ̀, kò yi rárá. Èmi tí mo ti ń gbé London látijọ́, tí mo máa ń wọ ọjà Peckham torí ṣàkì nìkan, àṣé òyìnbó ti ń jókòó jẹ ẹ́ pẹ̀lú fọ́ọ̀kì!

Mo bi ará Kétu báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀. Ó ní àwọn ahunṣọ sílíìkì tó ń gbé orí òkè Croix-Rousse láyé àtijọ́, ìdájí ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, tó bá fi máa di aago mẹ́sàn-án àárọ̀ wọ́n ti ń wá ṣàkì àti wáìnì kiri, ẹran tí owó wọn ká náà nìyẹn. Àwọn obìnrin ló sì sọ ìlú náà di ìlú oúnjẹ. Ọ̀kan wà, Eugénie Brazier, wọ́n bí i ní 1895, ọmọ àgbẹ̀. Ó lóyún nígbà tí ò tíì pé ọmọ ogún ọdún, láì lọ́kọ, bàbá ẹ̀ lé e jáde, ó wá sí Lyon wá ṣe ọmọọ̀dọ̀, ó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ olóúnjẹ míì tó jẹ́ obìnrin, ó sì ṣí tiẹ̀ ní 1921. Nígbà tó fi máa di 1933, ilé oúnjẹ ẹ̀ ti di méjì, àwọn Michelin, àwọn tó ń fi ìràwọ̀ díwọ̀n ilé oúnjẹ, fún ìkọ̀ọ̀kan ní ìràwọ̀ mẹ́ta mẹ́ta, mẹ́ta yẹn ló sì ga jù. Kò sẹ́ni tó gba mẹ́fà rí ṣáájú ẹ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin. Paul Bocuse, alásè tó wá di ìlú mọ̀ọ́ká, ọ̀dọ̀ ẹ̀ náà ló ti kọ́ṣẹ́, ó ń fún wàrà màlúù, ó ń fọ aṣọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ ẹ ṣe ń pọnmi. Sọ ìyẹn fún àwọn tó ń bi ẹ́ pé kí lo kàwé sí tó o wá ń ta àmàlà.

Ó yá, bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé, mo ní kó bi ìyá yẹn. Níbẹ̀, ṣàkì tí wọ́n ti sè, tí wọ́n ti fọ̀ títí tó fi funfun báláú ni wọ́n ń rà, ìwọ fúnra ẹ lo máa ṣe ìyẹn. Tó bá ti rọ̀, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú wáìnì funfun mọ́jú, tìẹ ò lè rí bẹ́ẹ̀, Alhaja, ọsàn wẹ́wẹ́ la máa fi rẹ tìẹ pẹ̀lú ata gígún. Wọ́n á nù ún gbẹ, wọ́n á tì í bọ fúláwà, ẹyin, àti búrẹ́dì gbígbẹ tí wọ́n lọ̀, wọ́n á dín in. Ọbẹ̀ tútù tí wọ́n fi ẹyin sísè, òróró, músítáàdì àti fínígà ṣe ni wọ́n fi jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n èmi ń rò ó pé ata díndín ẹ á gbà á dáadáa.

Ṣe díẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Má kọ orúkọ Faransé sí pátákó o, wọ́n á rò pé o ti fowó lé oúnjẹ. Bàbá tíṣà tó ń jẹ ẹ́ ní gbèsè yẹn ni kó o kọ́kọ́ fún tọ́ wò, tó bá tún béèrè òmíràn, fi gbèsè àtijọ́ dè é. Kí o jẹ́ kí n gbọ́ o.

Bá mi kí Mọ́mì, fẹnu ko Táyé àti Kẹ́hìndé fún mi.

Èmi ni,
Àbẹ̀kẹ́