Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Ta Ló Ba Mọ́tò Mi Jẹ́?

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa,

Ìsìn parí, ẹ jáde, ẹ dé ibi tí ẹ gbé mọ́tò sí, ẹ bá táyà méjì nílẹ̀ pẹlẹbẹ, tàbí ìlà gígùn kan lára ilẹ̀kùn tí kò sí níbẹ̀ láàárọ̀. Kí ẹ tó wo ìlà náà tán, orúkọ kan ti dé ẹnu yín: ìyá tó ń gbé ojúlé kejì, ọmọkùnrin tí ẹ kò fún lówó, ẹni tí ẹ jọ ní gbólóhùn asọ̀ nípàdé ẹgbẹ́. Àwọn àgbà ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Òwe náà dùn létí, ṣùgbọ́n ó ti kó bá aláìṣẹ̀ púpọ̀. Diutarónómì 19:15 ní ẹ̀rí ẹnìkan ṣoṣo kò tó láti fi dá ènìyàn lẹ́bi, àfi ẹlẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta. Ìfura kò tilẹ̀ tó ẹlẹ́rìí kan.

Nítorí náà, mọ́tò ni kí ẹ kọ́kọ́ bi léèrè. Ó máa ń dáhùn.

Ẹ má ṣí ilẹ̀kùn, ẹ má nu nǹkan kan, ẹ má sì tí ì ṣíná. Ẹ fi fóònù yí mọ́tò po. Fún àwòrán àkọ́kọ́, ẹ dúró lókèèrè bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, kí gbogbo mọ́tò, nọ́ḿbà rẹ̀ àti ohun tó yí i ká lè hàn: ògiri, igi, mọ́tò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ sún mọ́ apá tó bàjẹ́. Níkẹyìn, ẹ sún mọ́ ọn gan-an, kí ẹ mú bírò sí ẹ̀gbẹ́ ojú ibẹ̀ kí ẹni tó bá wò ó lè mọ bó ti tóbi tó. Ẹ wọn bó ṣe ga tó láti ilẹ̀. Ẹ kọ aago tí ẹ gbé mọ́tò sílẹ̀ àti aago tí ẹ bá a bẹ́ẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ẹni tó bá ti nu ún, tó sì ti wà á délé, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi pa ẹ̀rí rẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni kò gba ìdúró: bí wọ́n bá da ásíìdì tàbí òróró búréèkì sí i lára, ó ń jẹ ọ̀dà lọ ni. Ẹ ya àwòrán kíá, kí ẹ sì da omi púpọ̀ sí i. Ẹ má fi aṣọ nù ún.

Ẹ jẹ́ ká mú táyà. Ìṣó tó wọ ojú táyà, ibi tó ń kan títì, orí títì náà ló ti sábà ń wá. Ìṣó kì í sábà dé ẹ̀gbẹ́ táyà. Bí ẹ bá rí ojú ọ̀bẹ tó gún régé ní ẹ̀gbẹ́, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti fura, ṣùgbọ́n ẹ wo rímù ná: kòtò lè ya ẹ̀gbẹ́ táyà, rímù náà á sì tẹ̀. Bí ẹ kò bá rí ojú ibì kankan, ẹ fún táyà ní afẹ́fẹ́, kí ẹ wá da omi ọṣẹ sí ẹnu fáàbù. Bó bá ń hó, fáàbù ló ń jò. Bí kò bá hó, tí táyà sì gba afẹ́fẹ́ tí kò sọ̀ mọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹnì kan ló tú u. Táyà kan lè jẹ́ èèṣì. Méjì tó sọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láìsí ìṣó lára wọn, ìyẹn sábà máa ń lọ́wọ́ ènìyàn nínú. Táyà tí wọ́n gé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò ṣeé lẹ̀, torí ibẹ̀ ló ń ká tó ń nà ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ mọ́tò bá ń yí, àlẹ̀mọ́ kì í dúró níbẹ̀. Fọkánáísà tó bá ní òun á lẹ̀ ẹ́, ẹ kí i kú iṣẹ́, kí ẹ gba táyà yín. Ẹ má sì sọ ọ́ nù, ẹ̀rí ni.

Nọ́ọ̀tì táyà tó tú náà máa ń dá ìjà sílẹ̀. Kí ẹ tó ní ọ̀tá fẹ́ pa yín, ẹ rántí ìgbà tí wọ́n tú táyà náà kẹ́yìn. Nọ́ọ̀tì tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dè lè dẹ̀ lẹ́yìn ìrìn ọgọ́rin sí ọgọ́rùn-ún kìlómítà, ó sì yẹ kí a tún fi sípánà dè é.

Ní ti ara mọ́tò, kọ́kọ́rọ́ tí ènìyàn fi rìn kọjá máa ń fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́, gígùn, tó gba ara ilẹ̀kùn kan bọ́ sórí èkejì, ní ìwọ̀n ibi tí ọwọ́ ẹni tó dúró ń rọ̀ sí. Ti ọ̀kadà tó fẹ́ há ara rẹ̀ gba àárín mọ́tò méjì kọjá kò rí bẹ́ẹ̀: ó kúrú, ó fẹ̀, ó sì sábà máa ń fi rọ́bà dúdú sílẹ̀. Bọ́ńpà mọ́tò mìíràn a tẹ irin wọnú, a sì fi ọ̀dà tirẹ̀ lẹ̀ mọ́ tiyín. Ìlà kúkurú wọ́gọwọ̀gọ nísàlẹ̀, ní ìwọ̀n èjìká ọmọ ọdún mẹ́rin, inú kíláàsì àwọn ọmọdé ni kí ẹ ti lọ béèrè rẹ̀. Ewúrẹ́ tó gun bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ sinmi, ojú pátákò rẹ̀ méjì-méjì ló ń hàn. Kò sí àdúrà ogun tó kàn án. Àwọn ìlà wẹ́wẹ́ roboto tó sì ń yọ nígbà ọyẹ́, aṣọ gbígbẹ tí a fi ń nu eruku ló ń fà á, àwa fúnra wa ni ọ̀tá níbẹ̀.

Gíláàsì iwájú ní ike tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín, ìdí nìyẹn tó fi ń sán tí kì í wó. Òkò máa ń fi ojú kan sílẹ̀ tí ìsán yòókù ti ń jáde bí okùn aláǹtakùn. Bí ìsán bá bẹ̀rẹ̀ láti etí gíláàsì, tí kò sì lójú, oòrùn ló sábà máa ń jẹ́, tàbí omi tútù tí a dà sórí gíláàsì tó ti gbóná.

Bí mọ́tò bá kọ̀ tí kò jí, tí ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tí ẹ rí wáyà tó já, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ọ̀bẹ máa ń gé e gééré. Eku máa ń jẹ ẹ́ jágajàga, ojú eyín rẹ̀ á hàn lára rọ́bà, ìgbẹ́ rẹ̀ á sì wà nítòsí. Mọ́tò tó bá dúró ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́bàá igbó tàbí ibi tí a ń da ilẹ̀ sí, eku ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ọ̀rọ̀ ṣúgà nínú táǹkì epo wọ́pọ̀ lẹ́nu ju bó ti wọ́pọ̀ nínú táǹkì lọ. Ṣúgà kì í yọ́ nínú bẹntiróò. Ìsàlẹ̀ ló ń rọ̀ sí, á sì dí asẹ́ epo. Omi ló sábà ń da ẹ́ńjìnì láàmú, ó sì lè jẹ́ ilé epo tí ẹ ti rà á lánàá ló ti wá. Kí mẹkáníìkì fa díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ táǹkì sínú ìgò funfun, jìnnà sí iná, kí ó gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí omi bá wà níbẹ̀, á rọ̀ sísàlẹ̀, epo á dá dúró lókè.

Búréèkì nìkan ni mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi dánra wò. Bí ẹ bá rí òróró nílẹ̀ lẹ́bàá táyà, tàbí tí ẹ tẹ búréèkì tó rì wọlẹ̀, ẹ má wà á, ìbáà ṣe dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ìkòríta. Kí mẹkáníìkì wá bá a níbi tó wà, tàbí kí wọ́n wọ́ ọ. Rọ́bà búréèkì tó ti gbó máa ń sán wẹ́wẹ́ kó tó já. Èyí tí wọ́n gé, ojú rẹ̀ á mọ́.

Ká ní gbogbo àmì tọ́ka sí ènìyàn ńkọ́? Nínú 2 Sámúẹ́lì 14, Ábúsálómù ní kí àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ tiná bọ oko ọkà bálì Jóábù. Kò sí ọ̀rọ̀ ìfura níbẹ̀, wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe ni. Jóábù kì í ṣe ẹni jẹ́jẹ́, balógun ni, ẹ̀jẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀ kò kó ọmọ ogun lẹ́yìn. Ó lọ bá Ábúsálómù nílé, ó bi í léèrè ìdí tí wọ́n fi tiná bọ oko òun. Èsì tó gbà ni pé ẹ̀ẹ̀mejì ni Ábúsálómù ti ránṣẹ́ pè é tí kò wá. Iná ni ìpè kẹta. Ábúsálómù jẹ̀bi, mi ò ní gbèjà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ táyà tí wọ́n ń tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ láyìíká ilé ìjọsìn, ìpè kẹta ni. Ẹni tí a gbé mọ́tò dí gééètì rẹ̀, tó wá béèrè lẹ́nu ọ̀nà pé ta ló ni ín, tí a ní kó dúró kí ìwàásù parí, tó tún padà wá, tí a tún ní kó ní sùúrù, ó ti pè lẹ́ẹ̀mejì.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ béèrè, ẹ lọ ní ọ̀sán pẹ̀lú àgbà kan, kì í ṣe pẹ̀lú èrò. Ohun tí ẹ rí ni kí ẹ sọ: “Mo bá táyà mi méjì nílẹ̀ lẹ́yìn ìsìn, ṣé ẹ rí ẹnikẹ́ni níbẹ̀?” Ẹ bi ọlọ́dẹ, ẹ bi ìyá tó ń ta àkàrà lọ́ọ̀ọ́kán. Bí kámẹ́rà bá wà ní ilé kan, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ béèrè, torí ọ̀pọ̀ wọn ló ń gba àwòrán tuntun lé ti àtijọ́ lórí. Ẹ má pariwo “olè” lé ẹnikẹ́ni lórí ní títì; èrò kì í dúró gbọ́ àlàyé. Ẹ má gbé fọ́tò ẹnikẹ́ni sórí WhatsApp ìjọ. Ẹ má sì gbé e lọ sórí òkè kí wòlíì wá dárúkọ ẹni tó ṣe é. Wòlíì kò sí níbẹ̀.

Bó bá dá yín lójú pé ènìyàn ló ṣe é, pàápàá bó bá kan búréèkì, ẹ dé àgọ́ ọlọ́pàá àdúgbò náà lọ́jọ́ yẹn. Ẹ mú ìwé mọ́tò àti àwòrán dání. Nínú ìwé tí ẹ máa kọ, ẹ kọ ohun tí ojú yín rí. Bí ẹ bá fura sí ẹnì kan, ẹ kọ ọ́ pé ìfura ni, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀. Ẹ rí i pé wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ wọn, kí ẹ sì gba ẹ̀dà ìròyìn. Abala 451 nínú Criminal Code Nàìjíríà sọ pé ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ba dúkìá ẹlòmíràn jẹ́ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún méjì. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, ẹ má fi orúkọ tí kò dá yín lójú sínú rẹ̀.

Ní ti ìnṣọ́ránsì, ẹ má tan ara yín jẹ. Tádì pátì, tó di ₦15,000 fún mọ́tò ilé láti January 1, 2023, dúkìá ẹlòmíràn tí mọ́tò yín bá bàjẹ́ ló ń san, dé mílíọ̀nù mẹ́ta náírà. Kò ní san kọ́bọ̀ lórí mọ́tò tiyín. Comprehensive, ìyẹn ìnṣọ́ránsì tó kan mọ́tò tiyín náà, ló sábà ń gba irú èyí, ẹ ka ìwé yín. Ẹ tètè fi tó wọn létí, ẹ má sì tún un ṣe kí wọ́n tó wá wò ó.

Ẹni tó bá sì jẹ́ pé òun ló ṣe é, tó jókòó sáàárín wa, Númérì 5:7 ti là á sílẹ̀: kó jẹ́wọ́, kó san iye rẹ̀ pé, kó sì fi ìdá márùn-ún lé e. Bí títún ilẹ̀kùn kun bá jẹ́ ₦60,000, ₦72,000 ni yóò san. Ó lè tọ̀ mí wá, màá bá a lọ.

Láti ọ̀sẹ̀ yìí, páálí kékeré wà lọ́wọ́ àwọn tó ń darí mọ́tò lẹ́nu gééètì. Ẹ kọ nọ́ḿbà fóònù yín sí i, kí ẹ fi síwájú gíláàsì kí ó hàn. Ẹni tí mọ́tò rẹ̀ bá dí ẹnu ọ̀nà ará àdúgbò, a ó pè é jáde, ìbáà jẹ́ àárín ìwàásù. Bó bá sì jẹ́ tèmi, kí wọ́n wá fà mí létí lórí àga ìwàásù.