Ìkòkò Kan Ni Kí O Gbé Kaná

Àkànní ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó mi, mo kí Táyé, Kẹ́hìndé àti Ìdòwú. Ara mi le, a dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ tí o bá mi sọ lórí fóònù láti Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ Àìkú kò kúrò lọ́kàn mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí sílẹ̀, kí o lè máa rí i kà nígbà tí o bá wà nídìí iná.

O ní láti ìgbà tí ìyàwó rẹ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ alẹ́ ní ọsibítù, ìwọ lo ń dáná. O ní Táyé kò fẹ́ ata rárá. Kẹ́hìndé a máa ṣa àlùbọ́sà àti ewé kúrò nínú ọbẹ̀ títí oúnjẹ á fi tutù. Ìdòwú a ki ẹran bọ ẹ̀ẹ̀kẹ́, kò ní gbé e mì, kò ní tu ú dànù. Ìyá wọn kò fẹ́ kí òróró léfòó lójú ọbẹ̀. Nítorí náà o ń se ìkòkò mẹ́ta lálẹ́ kan ṣoṣo, ó sì ti rẹ̀ ọ́.

Ọmọ mi, ìkòkò kan ni kí o máa gbé kaná. Ọmọ tó bá ti mọ̀ pé bí òun bá fajú ro wọ́n á se òmíràn fún òun, ìgbà wo ló fẹ́ mọ oúnjẹ gbogbo ilé jẹ? Ṣùgbọ́n má tìtorí oúnjẹ nà wọ́n o, má sì fi ṣíbí ti oúnjẹ sí wọn lẹ́nu. Ọbẹ̀ náà ni kí o tún ọwọ́ rẹ̀ ṣe, kí ẹnikẹ́ni má rí ohun tó máa ṣà kúrò nínú rẹ̀.

Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ alápatà. O ní ẹran olówó ńlá lò ń rà, síbẹ̀ ó ń le lẹ́nu àwọn ọmọ. Ẹran tó wọ́n jù lórí àtẹ kọ́ ló dára fún ọbẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní steak, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló fẹ́ nínú páànù. Bó bá pẹ́ lórí iná, gbígbẹ ló ń gbẹ, á di fọ́nrán-fọ́nrán. Ojúgun màlúù ni kí o bèèrè, tàbí èjìká. Níbi tí ẹ wà, shin ni wọ́n ń kọ sára ojúgun, wọ́n sì ń kọ chuck sára ti èjìká. Bí o bá dé Rye Lane ní Peckham, sọ fún alápatà kó má gé e wẹ́wẹ́ fún ọ. Wo ẹran náà dáadáa, wàá rí iṣan funfun tó gba àárín rẹ̀ kọjá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń sá fún iṣan yẹn, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló máa yọ́ bí iná kékeré bá wà nídìí rẹ̀ fún bíi wákàtí 2. Òun ló ń mú kí omi ẹran ki, òun ló sì ń mú kí ẹran rọ̀ débi tí Ìdòwú á fi lè fi ahọ́n lásán fọ́ ọ.

Màlúù tiwa níbí ti fẹsẹ̀ rìn jìnnà kó tó dé ọjà Bódìjà, ẹran rẹ̀ yi. Tọ̀dọ̀ yín kì í yi tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà má fi iná ńlá sè é bí o ti ń rí i tí mo ń ṣe nígbà tí o wà nílé. Bí omi bá ń hó kùtùkùtù lórí ẹran, ṣe ni ẹran á máa le sí i.

Kílò kan á tó yín jẹ lẹ́ẹ̀mejì. Gé e sí ègé tó tóbi tó páálí ìṣáná, torí ẹran máa ń súnkì lórí iná. Fọ̀ ọ́, kó o sí ìkòkò, má tíì bu omi sí i. Fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, àlùbọ́sà ńlá kan tí o là sí méjì, tọ́ìmù ṣíbí tíì kan, kọ́rì ìdajì ṣíbí tíì. Kọ́rì tí ẹ ń rà lọ́wọ́ àwọn ará Íńdíà níbẹ̀ kì í ṣe irú tiwa. Ó lágbára, bó bá pọ̀ jù ọbẹ̀ rẹ á di ọbẹ̀ ẹlòmíràn. Dé ìkòkò, fi iná kékeré sí i, kí ẹran fi omi ara rẹ̀ bọ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Ìgbà yìí ni iyọ̀ àti tọ́ìmù ń wọ̀ ọ́ lára. Ẹni tó bá ti yára da omi lé e lórí, inú omi ladùn rẹ̀ máa wà. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí o wá bu omi tó máa bò ó, kí o sì ju odidi ata rodo kan sí i pẹ̀lú igi rẹ̀. Má là á, má gún un. Òórùn rẹ̀ á jáde sínú omi ẹran, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú títa rẹ̀ á ṣì wà nínú rẹ̀. Bí ẹran bá ti rọ̀, rọra fi ṣíbí gbé rodo náà jáde kó má bẹ́.

Mo mọ̀ pé o fẹ́ràn Maggi. Fún ìkòkò yìí, ẹyọ kan ti tó, kí o sì yọ nínú iyọ̀ nítorí rẹ̀. Ìyàwó rẹ ló là mí lóye lórí èyí: NHS, àjọ ìlera ìjọba níbẹ̀, ní kí iyọ̀ ọmọ ọdún 4 sí 6 má kọjá gíráàmù 3 lójúmọ́, kí ti ọmọ ọdún 1 sí 3 má kọjá gíráàmù 2. Gíráàmù 3 kò ju nǹkan bí ìdajì ṣíbí tíì lọ, gbogbo oúnjẹ ọjọ́ náà pátá ni wọ́n sì ń kà mọ́ ọn, títí kan búrẹ́dì. Àwa kò mọ èyí nígbà tí ẹ wà ní kékeré, àmọ́ nígbà tí a ti wá mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé e.

Fi asẹ́ sẹ́ omi ẹran náà. Ewé tọ́ìmù àti àlùbọ́sà á kù sínú asẹ́, Kẹ́hìndé kò ní rí wọn. Àwọn kan á wá dín ẹran náà. Nínú ilé tìrẹ, má dín in, torí ẹ̀yìn rẹ̀ á gbẹ, Ìdòwú á tún kì í bọ ẹ̀ẹ̀kẹ́.

Ó wá ku ata. Ibẹ̀ ni ọbẹ̀ ti ń bàjẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́, torí wọ́n ń kánjú. Tàtàsé pupa ńlá 5, tòmátì agolo kan tó jẹ́ gíráàmù 400, àlùbọ́sà 2. Má fi rodo sí i. Tàtàsé tó sanra tí ẹ ń rí rà níbẹ̀ kì í ta, omi ló kún inú rẹ̀. Jẹ́ kí tàtàsé pọ̀ ju tòmátì lọ. Tòmátì, pàápàá ti inú agolo, òun ló ń mú ọbẹ̀ kan. Tàtàsé ló ń fún un lẹ́wà. Ní ọdún 2016, nígbà tí kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Tuta absoluta jẹ oko tòmátì run ní Kàdúná, tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà fi kéde pàjáwìrì, tòmátì di góòlù ní Ìbàdàn níbí. Tàtàsé àti àlùbọ́sà nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń lọ̀, ọbẹ̀ sì ń dùn. Nítorí náà má bẹ̀rù láti dín tòmátì kù.

Lọ gbogbo rẹ̀ kó kúnná dáadáa, títí a kò fi ní mọ èyí tó jẹ́ àlùbọ́sà nínú rẹ̀. Má tíì fi òróró kàn án. Gbé ata nìkan kaná, ṣí ìkòkò sílẹ̀, kí omi rẹ̀ gbẹ. Á gbà tó ìṣẹ́jú 30. Níbẹ̀rẹ̀, ìfófòó á bo ojú rẹ̀, á máa hó wọ́rọ́wọ́rọ́. Tó bá yá, ìfófòó á pòórá, ata á ki, á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ́ pò, pò, pò, á máa ta sí ọ lápá. Fi ṣíbí onígi la ọ̀nà sí i láàárín títí dé ìsàlẹ̀ ìkòkò. Bí ata bá yára ṣàn padà dí ọ̀nà náà, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Bí ọ̀nà náà bá dúró díẹ̀, tí o rí ìdí ìkòkò kedere kí ata tó rọra wọ́ padà, ó ti gbẹ.

Nínú ìkòkò mìíràn, gbé òróró tó tó mílílítà 150 kaná. Má tìtorí ìyàwó rẹ dín in kù, mo ń bọ̀ lórí ìyẹn. Rẹ́ àlùbọ́sà kan sí i, kó dín títí á fi pọ́n, kí o wá kó o jáde sínú àwo. Tìrẹ àti ti ìyàwó rẹ nìyẹn, ẹ ó bù ú sórí ìrẹsì yín. Òróró ti gba adùn rẹ̀, Kẹ́hìndé kò sì ní rí nǹkan kan ṣà. Da ata sínú òróró náà. Á ké ṣàà. Dín iná kù, máa rò ó nísàlẹ̀ kó má jó, fún ìṣẹ́jú 20 sí 25. Tọ́ ọ wò. Bó bá ṣì ń kan, kò tíì dín tó nìyẹn. Àwọn kan á sáré bu ṣúgà sí i, àwọn kan á fi káún díẹ̀ sí i. Má ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Àwọn àgbà ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, òótọ́ sì ni, àmọ́ nídìí ata díndín yìí, sùúrù lo máa ná jù. Wàá mọ̀ pé ó ti dín nígbà tí òróró bá yọ sí etí ìkòkò yíká, tí àwọ̀ rẹ̀ kúrò ní pupa fẹ́ẹ́ tó ń ṣókùnkùn díẹ̀, tí òórùn ata tútù sì ti lọ pátápátá.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ ti wọlé. Òróró kékeré kò lè dín ata, jíjó ni ata máa jó. Jẹ́ kó pọ̀ tó níbẹ̀rẹ̀, kí o wá pa iná fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó lè gòkè, kí o fi ṣíbí bù ú kúrò lójú ọbẹ̀. Má dà á nù. Dín ẹyin nínú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wàá rí bí ilé ṣe máa ta sánsán.

Bu omi ẹran sí ata náà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi rí bí o ṣe fẹ́ kó ki sí. Da ẹran sí i, kó jọ hó jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú 10. Ó parí.

Ìwọ tí o fẹ́ ata tó ń ta, lọ rodo 6 àti àlùbọ́sà kan, dín in nínú òróró díẹ̀ pẹ̀lú iyọ̀, kó o sínú ìgò kékeré, kó wà nínú fíríìjì. Bù ú sí àwo tìrẹ lórí tábìlì. Bó bá pẹ́ díẹ̀, fi orí ọ̀bẹ mú ìwọ̀nba kíún nínú rẹ̀ sí ọbẹ̀ gbogbo ilé, kí ahọ́n Táyé máa mọ̀ ọ́n lára. Má sọ fún un. Bí ata bá ta á lọ́jọ́ kan, má fún un lómi, torí ohun tó ń ta nínú ata kì í yọ́ nínú omi, inú ọ̀rá ló ti ń yọ́. Mílíìkì tútù tàbí yógọ́ọ̀tì ni kó mu.

Ìdòwú ló gba sùúrù jù. Fi ọwọ́ ya ẹran rẹ̀ wẹ́wẹ́ lẹ́yìn tó bá ti jinná, kí o pò ó mọ́ ọbẹ̀ àti ìrẹsì. Díẹ̀ ni kí o bù fún un. Má fún un ní bisikíìtì àti júùsì nígbà tó bá ku díẹ̀ kí ẹ jẹun, ebi ni kó gbé e dé ìdí tábìlì. Bó bá jẹ ẹ́, má pariwo; bí kò bá jẹ ẹ́, gbé àwo kúrò láìbínú, kí o sì tún gbé e fún un lọ́jọ́ mìíràn. Àwọn tó mọ̀ nípa oúnjẹ ọmọdé ní ọmọ lè kọ oúnjẹ kan tó ìgbà 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ kó tó gbà á. Kí ìwọ náà jókòó jẹun tì wọ́n. Mo mọ̀ pé o máa ń jẹ tìrẹ lórí ìdúró nídìí síǹkì, jọ̀ọ́, fi sílẹ̀. Kí ni ọmọ fẹ́ wò kọ́ bí kò bá rí bàbá rẹ̀ níbi oúnjẹ? Àwọn ìbejì ti tó ọmọ tó ń fọ tàtàsé, fún wọn ṣe.

Èyí tó bá ṣẹ́ kù, má fi sílẹ̀ lórí sítóòfù mọ́jú pé o ó gbé e kaná láàárọ̀. Kí wákàtí 2 tó kọjá, kó o sínú abọ́ pẹrẹsẹ kó lè tètè tutù, kí o gbé e sí fíríìjì. Ẹ jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ 2. Bí o bá sè púpọ̀, pín in sí ike kéékèèké sínú fíríìsà, ó lè wà níbẹ̀ tó oṣù 3. Lálẹ́ tí ìyàwó rẹ bá ń lọ síbi iṣẹ́, ike kan ti tó kó gbé lọ́wọ́. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e kaná, kó hó dé àárín, kì í ṣe etí nìkan.

Mo ti bá Ìyá Ṣadé sọ̀rọ̀, ó ń bọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lóṣù tó ń bọ̀. Màá fi kọ́rì tiwa àti tọ́ìmù rán an sí yín. Kí Olúwa máa bá mi ṣọ́ gbogbo yín. Kí ìyàwó mi dáadáa.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ìbàdàn