Ẹ Jọ̀ọ́, Ẹ Má Lé Tìróò fún Ọmọ Ọwọ́

Ẹ̀yin Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tí ẹ kọ ní Sátidé tó kọjá lórí oge àwọn ìyá wa: osùn, làálì, tìróò. Ó ń dùn mọ́ mi nínú bọ̀, àfi ìgbà tí mo dé ibi tí ẹ ti ní kí abiyamọ òde òní má jẹ́ kí tìróò parẹ́ lójú ìkókó. Ibẹ̀ ni mo ti ká ìwé ìròyìn náà, mo wá bíìrò.

N kò kórìíra oge o. Ìyá mi lé tìróò fún èmi náà ní Kúdẹtì, bí mo bá sì rí ọmọge tó lé e, ó ṣì máa ń wù mí wò. Ṣùgbọ́n òkúta òjé ni wọ́n ń lọ̀ kúnná ṣe púpọ̀ nínú tìróò tó wà lọ́jà, májèlé sì ni òjé. Ní 2011, ní Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan wò, ọmọ tiwa náà ni, wọ́n bá òjé níbẹ̀. Tìróò tí wọ́n rà ní Nàìjíríà ni wọ́n ń lé fún un. Wọ́n gbé tìróò náà lọ fún àyẹ̀wò: òjé ló kó ìdá 82.6 nínú 100 rẹ̀.

Ara ọmọ kì í dá òjé mọ̀ yàtọ̀ sí kálíṣíọ́ọ̀mù tí eegun àti ọpọlọ ń lò. Bó bá ti dé, wọ́n á ṣílẹ̀kùn fún un. Èyí tó bá sì gba ẹnu wọlé, ohun tí ara ọmọ kékeré ń fà nínú rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún ti àgbàlagbà. Ìkókó á fọwọ́ ra ojú, á ti ọwọ́ kan náà bọ ẹnu. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kò sí bó ti wù kó kéré tó tí kò léwu.

Èyí tó dùn mí jù ni ti eyín. Ní 1979, dókítà kan tó ń jẹ́ Herbert Needleman gba eyín àkọ́yọ tó já lẹ́nu àwọn ọmọ ilé ìwé nítòsí Boston yẹn náà, irú eyín tí àwa máa ń jù sórí òrùlé kí alángbá má baà rí i, ó sì wọn òjé inú wọn. Àwọn tí òjé pọ̀ nínú eyín wọn ló rẹ̀yìn nínú ìdánwò òye. Àwọn tíṣà tí kò mọ nǹkan kan nípa eyín ti sọ tẹ́lẹ̀ pé àwọn wọ̀nyẹn kì í fọkàn sí ẹ̀kọ́. Kò sí èyí tó ṣàìsàn nínú wọn o. Kò sí ibà, kò sí èébì.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe tíṣà nílùú Ìbàdàn yìí. Ọmọ kan wà ní kíláàsì kẹrin mi tí bàbá rẹ̀ ń ṣájì bátìrì mọ́tò lẹ́yìn ọgbà wa. Láti ojú fèrèsé ni mo ti ń wò wọ́n. Bàbá á fi òòlù fọ́ bátìrì tó ti kú, á kó òjé inú rẹ̀ sínú agolo mílíìkì, á gbé e ka èédú, á máa fẹ́ ẹ. Bó bá yọ́ tán, á máa dán bíi dígí, á wá dà á sínú ihò tó gbẹ́ sílẹ̀ fi ṣe orí bátìrì. Èyí tó bá ta dànù, ọmọ á ṣà á. Àpò ṣòkòtò rẹ̀ kún fún un, ó tilẹ̀ fún mi ní ẹyọ kan rí. Ohun tí mo bá kọ́ ọmọ náà lónìí, bó bá dọ̀la, àfi bíi pé n kò kọ́ ọ rí. Mo nà án. Mo pè é ní olódo lójú ẹgbẹ́ rẹ̀. Bóyá òjé ni, bóyá òjé kọ́, kò sẹ́ni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, èmi náà kò sì mọ̀ pé ó yẹ ká béèrè.

Àwọn baba wa ní a ti fi òjé bọ olóòṣà lọ́wọ́, ó ku baba ẹni tí yóò bọ́ ọ. Oògùn tó ń fa òjé kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wà lóòótọ́, òun ni wọ́n lò ní Zamfara ní 2010, nígbà tó lé ní 400 ọmọdé tó kú láwọn abúlé tí wọ́n ti ń lọ òkúta wúrà tí òjé wà nínú rẹ̀ nínú agboolé. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ti bà jẹ́ nínú ọpọlọ, oògùn yẹn kò lè dá a padà. Ká má sì pè é ní ọ̀rọ̀ òkè ọya. Wọ́n da pàǹtí bátìrì sí Olódó níbí, tó fi di ohun tí àwọn olùkọ́ Yunifásítì Ìbàdàn ń ṣèwádìí lé lórí.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni lé oníbátìrì kúrò lẹ́nu iṣẹ́, òun náà ń wá oúnjẹ ọmọ. Kí ìjọba ìbílẹ̀ wá ibòmíràn fún wọn tó jìnnà sí ilé ìwé, kí wọ́n sì má yọ́ òjé nínú agboolé mọ́. Ní ti ẹ̀yin, ẹ bá mi tẹ lẹ́tà yìí sí ojú ewé tí ẹ tẹ ti tìróò sí gan-an, kí àwọn abiyamọ tó ka tọ̀hún lè bá a pàdé. Mo gba ẹ̀yìn ọgbà yẹn kọjá lọ́jọ́ Ajé. Agolo ṣì wà lórí iná.

Èmi ni tiyín,
Tíṣà fẹ̀yìntì kan,
Òkè-Àdó, Ìbàdàn.