Ẹ Má Rẹ́ Sìmẹ́ǹtì Lé Àtẹ̀gùn Tó Ti Gbó, Ẹ Fọ́ Ọ

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Nígbà tí ilé alájà mọ́kànlélógún yẹn wó ní Ìkòyí lọ́jọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 2021, gbogbo ìwé ìròyìn ló gbé e, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ohun tí mo gbé wá síwájú yín kò ga tó bẹ́ẹ̀. Àtẹ̀gùn mẹ́fà péré ni, àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé wa. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ni mí, ọdún 34 ni mo fi ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù kí n tó fẹ̀yìn tì, mi ò sì lè ka iye àgbàlagbà tí wọ́n gbé wá bá wa nítorí pé wọ́n ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ilé ara wọn. Ìròyìn tiwọn kì í jáde níbì kankan. Nígbà tó wá kan ìyá mi, mo ní mo gbọ́dọ̀ kọ̀wé.

Ìtọ́kò ní Abẹ́òkúta ni ilé wa wà. Ẹni tó bá mọ ìlú wa mọ̀ pé àárín òkúta la kọ́lé sí. Ojú títì wà nísàlẹ̀, ilẹ̀kùn wà lókè, àtẹ̀gùn ló so wọ́n pọ̀. Ọdún 1974 ni bàbá mi kọ́ ilé náà, ó sì fi ìṣó kọ ọdún yẹn sára àtẹ̀gùn tó wà lókè pátápátá kí sìmẹ́ǹtì rẹ̀ tó le. Orí àtẹ̀gùn yẹn la ti ń kàwé nígbà tí iná ò bá sí, ibẹ̀ la ti ń jẹ àgbàdo, ibẹ̀ náà la máa ń jókòó sí de ìyá wa tó bá ń ti Ìtòkú bọ̀, níbi tó ti ń ta àdìrẹ. Etí àtẹ̀gùn kejì làwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti máa ń pọ́n àdá. Wọ́n pọ́n ọn títí ó fi jin bí inú ṣíbí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe àdá ló ba àtẹ̀gùn wa jẹ́. Omi ni. Òrùlé wa kò ní ohun tó ń gba omi, gbogbo òjò tó bá rọ̀ sórí páànù, ojú kan náà ló ń kán sí lórí àtẹ̀gùn, fún ọdún tó lé ní ogójì. Omi yẹn gbé iyanrìn ojú rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ títí òkúta wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ fi yọ síta bí eyín. Lẹ́yìn náà omi wọ inú ibi tó sán, ó bá irin rọ́ọ̀dù. Irin tó bá dípẹtà a máa wú, tó bá sì ti wú nínú kọnkéré, kọnkéré náà kò ní ibi tó máa sá sí ju kó bẹ́ lọ. Ẹ máa rí ìlà pupa kan tó gba etí àtẹ̀gùn kọjá. Ẹni tó bá rí ìlà yẹn nílé rẹ̀, kó má ṣe rò pé ìdọ̀tí ni.

Ẹ̀ẹ̀mẹta la tún un ṣe, ní 2019, ní 2021 àti ní 2023. Bíríkìlà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n sì ṣe: wọ́n gbá ojú rẹ̀, wọ́n da omi sí i, wọ́n po sìmẹ́ǹtì, wọ́n fi rẹ́ ẹ. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti ń dán. Mi ò dá wọn lẹ́bi tán, torí àwa la sọ pé owó tó wà lọ́wọ́ wa nìyẹn. Àmọ́ mo fẹ́ kí àwọn òǹkàwé yín mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ojú tó ń dán yẹn. Sìmẹ́ǹtì tó fẹ́lẹ́ bí ìdajì íǹṣì kì í dì mọ́ kọnkéré ògbólógbòó tí eruku àti epo ti wọ̀ lára. Ó kàn jókòó lé e ni. Etí àtẹ̀gùn, níbi tí ẹsẹ̀ ti ń tì í síwájú lójoojúmọ́, ni ibi tó ti kọ́kọ́ máa ń já. Ohun tó tún burú ju ìyẹn lọ ni pé gbogbo ìgbà tí wọ́n bá rẹ́ ọ̀kan, ọ̀kan yẹn á ga ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ èèyàn kì í wo àtẹ̀gùn. Àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ méjì ló fi ń mọ bí ìyókù ṣe ga tó, ìyẹn ló sì ń bá lọ.

Nínú oṣù Keje ọdún 2024, òjò dá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Màámi, ẹni ọdún 83, ń sọ̀ kalẹ̀ lọ ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ obìnrin kan tó máa ń kiri gba iwájú ilé wa. Inú ilé ìdáná ni mo wà. Mo gbọ́ ohùn nǹkan tó já, mi ò gbọ́ igbe. Kí n tó débẹ̀, ó ti wà nílẹ̀, àfọ́kù sìmẹ́ǹtì tó já kúrò létí àtẹ̀gùn kẹta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò nípọn ju bisikíìtì lọ. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún. Ó ti kúrú ju ti òsì, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti yí síta. Mi ò nílò kí ẹnikẹ́ni ya fọ́tò eegun fún mi kí n tó mọ̀ pé ọrùn eegun itan ti kán. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ni mo ti sọ fún àwọn mọ̀lẹ́bí aláìsàn pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn mo jókòó sínú omi òjò, mo sì gbé orí ìyá mi lé itan.

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n fi irin sí i. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Àgbàlagbà tó bá pẹ́ lórí ibùsùn, egbò ẹ̀yìn ń dúró dè é, òtútù àyà náà ń dúró dè é. Mo mọ̀ ọ́n, torí náà mi ò sùn.

Nígbà tí ìpàdé ẹbí dé, àbúrò mi tó wà ní London ní òun á fowó táìlì ránṣẹ́, irú èyí tó ń dán bíi dígí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì kọ̀ ọ́. Táìlì tó ń dán lójú òjò, pẹ̀lú bàtà rọ́bà, kò yàtọ̀ sí pé kí a fi ọṣẹ pa àtẹ̀gùn lára. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa obìnrin ní tiwọn kò fẹ́ kí a fọwọ́ kàn án rárá. Wọ́n ní, "Ọmọ tó bá wó àtẹ̀gùn bàbá ẹ̀, ibo ló máa gbà wọlé?" Omi bọ́ lójú mi. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Màmá, a ò ní sọ ọdún tí Bàbá kọ nù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣe ibi tí ẹ̀yin náà máa lè gbà wọlé." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní ká lọ pe bíríkìlà.

Bíríkìlà kẹrin yìí kò yọ ṣọ́bìrì. Téèpù ló kọ́kọ́ yọ. Ó wọn gbogbo rẹ̀ látìsàlẹ̀ lọ sókè, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀: íǹṣì 9, 6, 8½, 7, 5, 6½. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 42. Pín in sí mẹ́fà, íǹṣì méje-méje ló máa fún ẹ, bó ṣe yẹ kí gbogbo wọn rí nìyẹn. Ti ìsàlẹ̀ ga tó íǹṣì mẹ́sàn-án torí pé àgbàrá ti gbá ilẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Ẹ̀kẹta, èyí tó gbé ìyá mi ṣubú, àwa fúnra wa la fi sìmẹ́ǹtì gbé e ga. Ọjọ́ náà ni mo tó mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mẹta la sanwó fún ìṣubú yẹn.

Nígbà tí wọ́n fi òòlù ńlá fọ́ ọ, a rí i pé àgbàrá ti gbẹ́ ihò sábẹ́ rẹ̀, ihò tí ewúrẹ́ lè sùn sí. Èèpẹ̀ tí wọ́n fi dí inú rẹ̀ nígbà náà lọ́hùn-ún ti ṣàn lọ tán. Àtẹ̀gùn tí àwọn ọmọ-ọmọ mi ń fò lórí rẹ̀, awọ lásán ló kù.

Wọ́n fi ayùn gé ibi tí 1974 wà jáde kí wọ́n tó fọ́ ìyókù. Lẹ́yìn náà wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀ tuntun, wọ́n da òkúta sí i, wọ́n gún un mọ́lẹ̀ dáadáa. Káfíńtà kan pákó. Rọ́ọ̀dù 12 milimítà ni wọ́n tò, wọ́n sì fi àwọn ègé kọnkéré kéékèèké tí bíríkìlà ń pè ní bísíkíìtì, tó nípọn tó íǹṣì kan, gbé e kúrò lórí ilẹ̀, kí sìmẹ́ǹtì lè yí irin náà ká, kí omi má tètè rí i mọ́. Páànù sìmẹ́ǹtì kan, ti iyanrìn méjì, ti òkúta mẹ́rin. Àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́jọ ló tán sí gbogbo rẹ̀, àti ìpìlẹ̀ àti ògiri ẹ̀gbẹ́. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo pariwo ni ìgbà tí lébúrà kan fẹ́ tú omi sí i kó lè rọrùn láti kó. Bíríkìlà fúnra rẹ̀ ló ti kọ́ mi lọ́jọ́ kejì pé kọnkéré tó bá ṣàn bí ọbẹ̀, agbára rẹ̀ ti lọ. Wọ́n fi igi gún un kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Wọ́n jẹ́ kí ojú àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan tẹ̀ síwájú díẹ̀ kí omi lè máa ṣàn kúrò, wọ́n sì fi ìgbálẹ̀ fà á lójú kó tó le, kó lè máa di ẹsẹ̀ mú. Ojú rẹ̀ kò dán. Ó rẹwà lójú mi.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí jù lọ rèé, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ nígbà tí bíríkìlà bá ti gbowó lọ. Sìmẹ́ǹtì kì í gbẹ bí aṣọ ṣe ń gbẹ lórí okùn. Omi ló fi ń le. Tí oòrùn àti ọyẹ́ bá tètè fa omi yẹn kúrò, ojú rẹ̀ á máa bó bí ìyẹ̀fun. Oṣù Kọkànlá la ṣe tiwa, torí náà a da àpò ìdọ̀họ bò ó, ọjọ́ méje gbáko ni mo sì fi ń bu omi sí i láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ẹ̀yìnkùlé ni gbogbo wa ń gbà wọlé, títí kan ẹ̀gbọ́n bàbá wa. Lẹ́yìn ọjọ́ 28 la tó jẹ́ kí wọ́n gbé ohun tó wúwo gba orí rẹ̀. A fi gọ́tà sí etí òrùlé pẹ̀lú. Láìsí ìyẹn, omi á tún padà wá síbi iṣẹ́ rẹ̀.

Páìpù onírin tí èèyàn lè dì mú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ báyìí, gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, inú kọnkéré la sì rì í sí. Ẹ má sọ pé ilé ìwòsàn nìkan ló nílò irú rẹ̀. Ohun tí a ń kọ́ ẹni tí itan rẹ̀ kán ni pé tó bá ń gòkè, ẹsẹ̀ tó le ni kó kọ́kọ́ gbé, tó bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ni kó kọ́kọ́ sọ̀. Kò sí bó ṣe lè ṣe é láìrí nǹkan dì mú, kò sì lè ṣe é lórí àtẹ̀gùn tí ọ̀kan jẹ́ íǹṣì 9, tí èkejì jẹ́ 5.

Ẹ̀yin onílé, mo bẹ̀ yín. Ẹ̀yin ayálégbé náà, tí onílé bá ní òun á ní kí wọ́n wá rẹ́ ẹ, ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n níṣojú rẹ̀. Bí ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀kan sí èkejì bá ti tó ìdajì íǹṣì, tàbí tí ẹ bá lu ojú sìmẹ́ǹtì náà tó sì ń dún bí agbè òfìfo, ẹ má náwó lé e lórí. Ẹ fọ́ ọ, kí ẹ da òmíràn.

Ara ògiri ìloro la lẹ 1974 mọ́, ní ọwọ́ ọ̀tún bí èèyàn bá ń wọlé. Nígbà àkọ́kọ́ tí Màámi sọ̀ kalẹ̀ fúnra wọn, wọ́n dúró síbẹ̀, wọ́n fi ìka tẹ̀ lé ìkọ̀wé yẹn, wọ́n wá di páìpù mú. Ìpele kẹta ni mo dúró sí, mo sì na ọwọ́ méjèèjì. Wọn kò gbà á.

Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ lẹ́tà yìí kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn ni iṣẹ́ yìí rọrùn jù láti ṣe.

Èmi ni tiyín,
Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìtọ́kò, Abẹ́òkúta.